Ìyá Kì í Ṣe Àlejò Lọ́dọ̀ Ọmọ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìlera ẹgbẹ́ wa sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá, ní Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀

   

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ni a ó sọ, nítorí ọjọ́ orí ti ń kan ilẹ̀kùn wa. Ìyẹn náà ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun ni a mú wá, àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé kí wọ́n tó dé. Àwọn kan nínú wa ṣì ń bímọ, àwọn àbúrò wa ń bímọ, láìpẹ́ àwọn ọmọ wa náà yóò bẹ̀rẹ̀. Ohun mìíràn sì wà tó mú kí a yan ọ̀rọ̀ yìí: ẹgbẹ́ wa jẹ gbèsè kan, ọdún kẹwàá sì tó ìgbà tí a lè bẹ̀rẹ̀ sí í san án.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí. Ọdún kẹrin tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni. Ìyàwó ọ̀kan nínú wa lóyún, oyún oṣù méje, ó ń lọ sọ́jà bí ó ti máa ń lọ. Òru ọjọ́ kan ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti bí ọmọkùnrin ní ilé ìwòsàn kan. A ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, a ò sì wá síbí láti bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ nígbà náà ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn káàkiri ayé. Kílò 1.4 ni ọmọ náà wọ̀n. Kò wúwo ju adìẹ ìbílẹ̀ kan lọ.

Wọ́n gbé ọmọ lọ sí yàrá ìtọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú ínkúbétọ̀, àpótí onígíláàsì tó ń fi iná mànàmáná mú ara ọmọ gbóná. Wọ́n gbé ìyá lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ, nínú ilé mìíràn. Lọ́tùn-ún lósì ni ó ń gbọ́ ẹkún ọmọ àwọn ẹlòmíràn. Ọwọ́ tirẹ̀ ṣófo.

Ẹgbẹ́ gbìyànjú. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni a dá owó jọ, tí a kó o fún bàbá ọmọ. Àwọn kan nínú wa sáré wá oògùn kiri. Àwọn obìnrin wa ń gbé oúnjẹ lọ. Bí a bá ka ohun tí ẹgbẹ́ yìí ti ṣe láti ìgbà tí a dá a sílẹ̀, ìyẹn wà lára ohun tí a fi ń yangàn.

Ọjọ́ kẹta pé, wọ́n ní kí ìyá máa lọ sílé, ara rẹ̀ ti le. Ọmọ nìkan ni yóò dúró. Ìyá ní òun kò lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí sí ibí yìí dáadáa. Ẹni tó mú un kúrò lórí bẹ́ǹṣì yẹn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í ṣe dọ́kítà. Àwa ni. Àwa ni a lọ bẹ̀ ẹ́. A ní, “Ìyàwó wa, abiyamọ kì í jókòó sínú atẹ́gùn báyìí. Wá sílé, kí wọ́n fi omi gbígbóná wẹ̀ ọ́, kí o jẹ àmàlà tó gbóná, kí o sinmi. Àwọn dọ́kítà ń tọ́jú ọmọ. Kí ni ìwọ fẹ́ ṣe níbẹ̀?”

Ó tẹ̀lé wa. Láti ọjọ́ náà, àlejò ló di lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ń lọ ní àárọ̀, ó ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, ní àkókò tí wọ́n fi fún àwọn tó ń wá kí aláìsàn. Yóò wo ọmọ láti ẹ̀yìn gíláàsì, yóò gbé ìwọ̀nba omi ọmú tó fún sínú ife kalẹ̀, yóò padà. Nígbà tó fi di ọjọ́ keje, omi ọmú náà kò fẹ́ wá mọ́. Ọjọ́ kẹjọ pé, a kò lè kó ọmọ jáde. Bàbá rẹ̀ dúró ti gíláàsì, ó pe orúkọ rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó dákẹ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n pè wá.

Nígbà tí a dé ilé wọn, ìyá kò sunkún. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, “Mi ò gbé e rí.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ nìyẹn. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó mọ ohun tí a ó fi dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. A kò sọ pé bí ó bá gbé e ni, ọmọ náà ìbá yè. Kò sí ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a bi í lórí bẹ́ǹṣì yẹn, “Kí ni ìwọ fẹ́ ṣe níbẹ̀?”, ti ní ìdáhùn báyìí. Àwọn oníṣègùn ti wádìí rẹ̀ lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ. Ibi tí wọ́n ti wádìí rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa rárá: Ilé-Ifẹ̀ wa níbí wà lára rẹ̀.

Láti ìparí ọdún 2017 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe ìwádìí ńlá kan ní ilé ìwòsàn márùn-ún ní orílẹ̀-èdè márùn-ún: Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tànsáníà àti Nàìjíríà. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, OAUTHC, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹ̀bùnolúwa Adéjùyìgbé, oníṣègùn àwọn ọmọdé, wà lára àwọn tó ṣe é. Àwọn ìyá tí wọ́n gbà kí a fi ọmọ wọn ṣe ìwádìí yìí lè jẹ́ ẹni tí a jọ ń ná ọjà kan náà.

Ọmọ 3,211 ni wọ́n kà sínú rẹ̀. Gbogbo wọn wọ̀n tó kílò kan, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wọ̀n tó kílò 1.8. Wọ́n ṣẹ́ gègé, wọ́n sì pín wọn sọ́nà méjì. Àwọn ti ọ̀nà kan, wọ́n tọ́jú wọn bí a ti máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀: ọmọ yóò dá wà ní yàrá ìtọ́jú títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìyá yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sáyà. Àwọn ti ọ̀nà kejì, kété lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ti gbé ọmọ sí àyà ìyá, awọ kan awọ. Wọ́n gbé ibùsùn ìyá wọ inú yàrá ìtọ́jú ọmọ. Ibẹ̀ ni àwọn dọ́kítà ti ń wo ìyá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wo ọmọ. Nínú yàrá ìtọ́jú yẹn, àwọn ọmọ wọ̀nyí lo nǹkan bí wákàtí 17 lójúmọ́ láyà. Àwọn tó dá wà lo nǹkan bí wákàtí kan àti ààbọ̀.

Ẹ wo àbájáde rẹ̀. Kí ọjọ́ 28 tó pé, ọmọ 249 ti kú nínú àwọn tí wọ́n ya sọ́tọ̀. Nínú àwọn tó wà láyà ìyá, ọmọ 191 ni. Bí a bá kà á ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó jẹ́ pé nínú ọmọ 100, àwọn tó kú tó 16 ní ọ̀dọ̀ kan, ní ọ̀dọ̀ kejì wọ́n jẹ́ 12. Ìṣirò àwọn oníwàádìí ni pé bí a bá tọ́jú ọmọ 27 ní ọ̀nà yìí, ọ̀kan wà nínú wọn tí ìbá kú tí yóò yè. Kò sí oògùn tuntun níbẹ̀, kò sì sí abẹ́rẹ́. Àyà ni, pẹ̀lú ibùsùn tí a sún mọ́ ọmọ.

Ìwádìí náà kò parí ní ìgbà tí wọ́n ti pinnu. Àwọn tí wọ́n fi ṣọ́ ọ rí i pé àǹfààní rẹ̀ ti hàn gbangba, wọ́n ní kí a dá a dúró, nítorí kò tọ́ mọ́ kí a máa ya àwọn ìyókù sọ́tọ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú New England Journal of Medicine. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2022, WHO yí ìmọ̀ràn tí ó ń fún gbogbo ayé padà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí a dúró kí ara ọmọ balẹ̀ kí a tó gbé e sáyà. Ní báyìí, wọ́n ní kí a gbé e sáyà kíákíá lẹ́yìn ìbí, fún wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́. Ohun tí wọ́n ti Ilé-Ifẹ̀ rí wà lára ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà fún gbogbo ayé. Ó yẹ kí ọmọ Ìlódè kan mọ èyí kó sì fi yangàn.

Kí ni ó wà nínú àyà ìyá tí kò sí nínú àpótí? A bi àwọn tó mọ̀, wọ́n ṣàlàyé fún wa.

Èkínní ni ooru. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò ní ọ̀rá tó pọ̀ lábẹ́ awọ, òtútù a sì tètè mú un. Ara ìyá gbóná déédéé, tọ̀sán tòru. Ínkúbétọ̀ dára, ṣùgbọ́n iná ni ó ń jẹ, àwa tí a ń gbé àdúgbò yìí sì mọ ìwà iná. Bí iná bá lọ, àyà ìyá kì í kú. Kò bèèrè epo bí jẹnẹrétọ̀. Ẹ wo adìẹ, apá lásán ló fi ń bo ọmọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ.

Èkejì ni omi ọmú. Bí ọmọ bá wà láyà, ara ìyá á mọ̀ pé ọmọ wà nítòsí, omi ọmú á máa wá. Èyí tó kọ́kọ́ ń jáde, tó ki, tó sì pọ́n díẹ̀, tí àwọn kan máa ń fún dànù, òun gan-an ló lágbára jù láti dáàbò bo ọmọ kúrò lọ́wọ́ àìsàn. Ẹ rántí ìyàwó wa: kì í ṣe pé kò ní omi ọmú. Ọmọ ni kò sí nítòsí láti pè é jáde.

Ẹ̀kẹta ni kòkòrò àìsàn. Ọmọ tó dá wà nínú yàrá ìtọ́jú, ọwọ́ púpọ̀ ló ń kàn án, láti ara ọmọ kan sí ara òmíràn. Èyí tó wà láyà ìyá, ara ìyá ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Nínú ìwádìí yẹn, àwọn tí wọ́n fura pé kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn tó 28 nínú 100 lára àwọn tó dá wà. Lára àwọn tó wà láyà, nǹkan bí 23 ni.

Ẹ̀kẹrin ni ojú. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé a máa gbàgbé láti mí nígbà mìíràn. Nọ́ọ̀sì kan lè máa ṣọ́ ọmọ púpọ̀ lóru. Ìyá ń ṣọ́ ẹyọ kan. Bí èémí ọmọ bá dúró, àyà rẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ mọ̀, yóò sì ké sí nọ́ọ̀sì.

Ìtọ́jú oníkàngárú ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹranko ilẹ̀ Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ kàngárú, tí ọmọ rẹ̀ kì í gbó tán kó tó bí i, inú àpò tó wà níkùn ìyá ni yóò ti parí dídàgbà. Ìlú Bogotá, ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1978. Dọ́kítà Edgar Rey Sanabria ló bẹ̀rẹ̀, Dọ́kítà Héctor Martínez sì darapọ̀ mọ́ ọn. Ínkúbétọ̀ kò tó, wọ́n ń tẹ́ ju ọmọ kan lọ sínú ẹyọ kan, àìsàn ń ràn wọ́n. Wọ́n bá gbé ọmọ lé ìyá láyà. Àìní ló mú wọn ṣe é. Ìwádìí tí a ń sọ yìí ni ó wá fi hàn pé kì í ṣe ìtọ́jú àwọn tí kò rí ínkúbétọ̀ lò nìkan. Ní ibi tí gbogbo ẹ̀rọ wà pàápàá, ìyá ṣì níṣẹ́ tí ẹ̀rọ kò lè bá a ṣe.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ ó béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò le. Wọn yóò bọ́ aṣọ ọmọ, yóò ku ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Wọn yóò gbé e dúró sí àárín ọmú méjèèjì, àyà rẹ̀ kan àyà ìyá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ṣẹ́ po bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Wọn yóò yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn yóò gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀ kí èémí lè rọrùn. Wọn yóò wá fi aṣọ dì í mọ́ ìyá, aṣọ náà kò ní bo imú, kò sì ní tú. Ìyá kò ní dùbúlẹ̀ gbalaja. Yóò fẹ̀yìn tì, bí ẹni tó jókòó lórí àga onífẹ̀yìntì, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì sùn. Ẹ̀yìn ni a mọ̀ pé a ń pọn ọmọ sí. Èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé, àyà ni a ó kọ́kọ́ pọ̀n ọ́n sí. Ọjọ́ ẹ̀yìn ń bọ̀.

A gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ kan kún un. Kí ẹnikẹ́ni má ti ibí lọ sọ pé Ìgbìmọ̀ Ìlera ní kí a jókòó sílé pẹ̀lú ọmọ oṣù méje. Rárá o. Ilé ìwòsàn ni ibẹ̀. Ọmọ náà ṣì nílò dọ́kítà, ó lè nílò ọ́síjìn, oògùn, àti rọ́bà tí wọn yóò fi fún un ní omi ọmú bí kò bá tíì lè mu ún. Púpọ̀ nínú ìtọ́jú wọ̀nyí ni wọ́n lè ṣe fún un níbi tó wà láyà. Àwọn ọmọ kan wà tí kò lè bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: èyí tí kò lè mí fúnra rẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ ń bá mí, àti èyí tí ẹ̀jẹ̀ kò lọ déédéé lára rẹ̀. Dọ́kítà ni yóò sọ ìgbà tí tiwọn yóò bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ojúgbà wa, a ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Wákàtí 17 lójúmọ́ kì í ṣe eré. Bí ìyá bá jókòó fún wákàtí 17 pẹ̀lú ọmọ láyà, ta ni yóò se oúnjẹ rẹ̀? Ta ni yóò fọ aṣọ rẹ̀? Ta ni yóò mú àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà wá láti ilé ìwé? Ta ni yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀? Ohun tó ń fa ìyá kúrò lọ́dọ̀ ọmọ kì í ṣe òfin ilé ìwòsàn nìkan. Ìkòkò tó wà lórí iná nílé ń fà á. Àwa ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó ń pè é pé “Wá sinmi” ń fà á. Ilé ìwòsàn lè gbé ibùsùn wọlé, ṣùgbọ́n àwa ni a lè jẹ́ kí ìyá dúró lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ní, ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Igba ojú náà nìyí nínú gbọ̀ngàn yìí.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a mú wá síwájú ẹgbẹ́.

Àkọ́kọ́, kí ó di òfin ẹgbẹ́ láti òní lọ pé kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí yóò pe ìyá kúrò lọ́dọ̀ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Bí a bá fẹ́ kó jẹ àmàlà tó gbóná, kí a gbé àmàlà náà lọ bá a. Bí a bá fẹ́ kó sinmi, kí a wá ẹni tí yóò gba ọmọ sáyà fún un fún wákàtí díẹ̀. Nínú ìwádìí yẹn, bí ìyá bá nílò ìrànlọ́wọ́, ẹlòmíràn nínú ẹbí a máa gbé ọmọ náà sáyà. Ìyá àgbà lè ṣe é, ẹ̀gbọ́n ìyá lè ṣe é.

Èkejì, ẹ̀yin ọkùnrin. A rí i pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Àyà bàbá náà gbóná. Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ, fọ ọwọ́ rẹ dáadáa, jókòó, kí wọ́n gbé ọmọ lé ọ láyà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa, bàbá ọmọ ló ń sáré oògùn kiri ní gbogbo ọjọ́, àwa sì ń yìn ín fún un. Ẹlòmíràn nínú wa lè sáré oògùn. Àyà bàbá, a kò lè bá a yá a.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ ṣe ìwé ìpínṣẹ́. Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá kan ẹnikẹ́ni nínú wa, tàbí ọmọ wa, tàbí àbúrò wa, a kò ní dúró dìgbà ìpàdé. Ẹnì kan yóò gba oúnjẹ, ẹnì kan aṣọ fífọ̀, ẹnì kan àwọn ọmọ ilé ìwé, ẹnì kan ṣọ́ọ̀bù. Ẹni kan yóò sì bá àwọn nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó béèrè ohun kan ṣoṣo: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni ìyá ṣe lè wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀?” Kì í ṣe “ṣé ó lè wà”. Báwo ni.

Ẹ̀kẹrin ni ti owó. A mọ̀ pé wọ́n ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí a fi owó tí a bá rí lónìí kọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá sí àdúgbò wa, kí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà dára. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, kí apá kan nínú owó náà lọ sí àga onífẹ̀yìntì, aṣọ ìdímọ́ àti aṣọ ìkélé fún yàrá tí àwọn ìyá àti ọmọ tí oṣù wọn kò pé bá wà ní ìlú wa. Kí a má ṣe dédé ra á. Kí a kọ́kọ́ lọ bá àwọn aláṣẹ ibẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n nílò fún wa. Bí wọ́n bá sì ní kí a má kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára àga, kí a má kọ ọ́. Ọmọ tó bá yè kò ní ka orúkọ tó wà lára àga.

A fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan parí. Kí a tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, a lọ bá ìyàwó wa nílé. A kò lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá síbí láìgba àyè. A jókòó, a sọ ohun tí a fẹ́ sọ fún un, títí dé orí bẹ́ǹṣì yẹn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà, a bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì wá.

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú wa wá sórí bẹ́ǹṣì yẹn, òun kò sì bínú. Ó ní kí a má dárúkọ òun, ṣùgbọ́n kí a sọ ọ́ kó yé gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, aṣọ tí wọ́n fi ń di ọmọ mọ́ àyà yẹn, ṣé ó le láti rán? A ní kò le. Ó wọlé, ó gbé ìró kan tó ti rọ̀ dáadáa jáde, ó ní kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Ìró náà wà lọ́wọ́ wa níbí. Yóò tó fún ọmọ mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ìró rírọ̀ bá wà nílé yín, ẹ mọ ibi tí ẹ ó gbé e wá.

Oyún kò ní bàjẹ́ mọ́ wa lára. A kò ní fi ọwọ́ ṣófo ti ilé ìwòsàn dé. Èyí tó bá tètè dé nínú àwọn ọmọ wa, yóò bá àyà tó gbóná pàdé, yóò sì bá gbogbo wa ní ìdúró. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú.